Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ jàǹbá ọkọ̀ òfurufú 2005 fún àwọn ọmọ kíláàsì mi?

Tíṣà Lugbe kọ:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn ọmọ pírámárì 5 ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Lugbe níbí. Ọ̀gá wa ní ká ṣe ìrántí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú Sosoliso ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, èmi ni wọ́n sì ní kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábújá nígbà náà á rántí. Ọjọ́ Sátidé ni, ọdún 2005. Ọkọ̀ náà gbéra l'Ábújá, ó ń lọ sí Port Harcourt, ọmọ Loyola Jesuit College ní Gidan Mangoro 60 ló sì bá ìjàǹbá náà lọ. Ilé ni wọ́n ń lọ, kí wọ́n lè bá òbí wọn ṣe Kérésìmesì.

Àwọn ọmọ tèmi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá lọ. Ẹ sì mọ Lugbe: orí òrùlé wa ni ọkọ̀ òfurufú ń gbà. Bí mo bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò, mo ní láti dákẹ́ kó kọjá ná kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Àwọn kan nínú wọn máa wọ̀ ọ́ lọ sílé tá a bá gba ọlidé. Ṣé kí n wá dá ẹ̀rù sí wọn lára ni? Tí mo bá sì dákẹ́, orí fóònù ni wọ́n máa lọ wò ó, ohun tí wọ́n sì máa bá níbẹ̀ á burú ju ohunkóhun tó lè ti ẹnu mi jáde lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n sọ irú ìròyìn báyìí fún nílé-ìwé nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́? Kí ló ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, kí ló sì ṣe yín ní jàǹbá?

Ìyá Ìbejì Kúbwà kọ:

Àǹtí Tíṣà, ẹ má sọ ọ́ rárá. Ọmọ pírámárì 5? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà ná. Èmi àtàwọn ìbejì mi ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Èkó kí Kérésìmesì tó dé, torí ẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ kí n lè kó wọn gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja mọ́. Bí tíṣà bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún wọn lónìí, ta ló máa bá mi gbé wọn wọ inú ọkọ̀ lọ́la? Ẹ gbàdúrà fún àwọn tó lọ, kẹ́ ẹ kọ orin kan, ó ti tó.

Àgbà Kàdúná kọ:

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ abiyamọ lẹ sọ, mi ò sì ní bá yín jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú èmi rí.

Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Pírámárì 4 ni mo wà ní Tudun Wada, Kàdúná, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Hẹ́dímásítà wa máa ń tan rédíò sí ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, orin sójà ni rédíò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kò sì dáwọ́ dúró. Àwa ọmọ ò mọ nǹkan kan. A tò sí fàráńdà, à ń yan bíi sójà, ẹnì kan nínú wa fi rúlà ṣe ìbọn. Tíṣà wa jáde sí wa, ó wò wá, kò nà wá, kò bá wa wí, ó kàn wọlé padà. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Tíṣà tó ń nà wá tá a bá rẹ́rìn-ín lásán ni o.

Nígbà tó yá wọ́n lu agogo, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Wọn ò sọ ìdí. Kí n tó délé, mo ti gbọ́ pé ogun ti tún dé. Ẹ rántí pé ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí, àwọn òbí wa ò tíì gbàgbé. Ìyá mi ti di ẹrù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni èmi àti àbúrò mi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ní ká sùn síbẹ̀.

Ìgbà tá a padà sí ilé-ìwé ni hẹ́dímásítà tó ṣàlàyé ní asẹ́ḿbìlì, ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún un sọ ní Háúsá. Ó ní wọ́n pa olórí ìjọba wa, Murtala Mohammed, nínú ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì l'Ékòó. Ó ní ọ̀dọ́ sójà tó ń tẹ̀ lé e, Akintunde Akinsehinwa, àti awakọ̀ rẹ̀ bá a kú. Ó ní wọ́n ti sin ín sí Kánò, Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ló sì wà lórí oyè báyìí. Ó wá ní: “Kò sí ogun.” Ó sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣì ń gbọ́ ọ létí mi títí dòní. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo sùn.

Nítorí náà, Tíṣà wa, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó kan, kẹ́ ẹ wá sọ ibi tí nǹkan dúró sí lónìí. Ohun tí ọmọdé ń fẹ́ mọ̀ jù ni bóyá ọ̀rọ̀ náà ti parí tàbí ó ṣì ń bọ̀ wá bá a nílé. Àfikún kan: nínú oṣù Kejì ọdún 1976 yẹn kan náà ni Murtala kéde pé olú-ìlú máa kúrò l'Ékòó wá sí Ábújá. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ní Lugbe lónìí, inú ìkéde ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń gbé. Ojú rẹ̀ tí wọ́n ń rí lórí ₦20, ọdún 1977 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta nìyẹn, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Dàpọ̀ Wúsé kọ:

Sosoliso yìí, ṣé kì í ṣe èyí tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ábújá tó já sí Lisa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn? Mo rántí pé kò sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀.

Pápákọ̀ kọ:

Rárá o, Dàpọ̀. Bellview nìyẹn, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, èèyàn 117 ló kú. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ, kú ní Sípéènì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pa wọ́n pọ̀. Sosoliso ò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ sí i. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀, 108 ló kú, méjì ló yè. Pásítọ̀ Bímbọ̀ Odùkọ̀yà wà lára àwọn tó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó yè ni Kechi Okwuchi, ọmọ ilé-ìwé Loyola yẹn ni. Iná jó o gan-an, ṣùgbọ́n òun náà ló padà dúró kọrin lórí America's Got Talent lọ́dún 2017.

Tíṣà, ẹ rí i pé ẹ ò pa àwọn méjèèjì pọ̀ lójú bóòdù. Àwọn ọmọ òde òní á lọ yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá sì bá ẹyọ kan tí kò péye, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́.

Ọmọ Jájì kọ:

Mo ti fẹ́ kọjá lọ láì sọ nǹkan kan, ọkàn mi ò gbà.

Bárékè ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọjọ́ Sátidé, 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun, Hercules C-130, já sí Ejigbo l'Ékòó, kò pẹ́ tó gbéra n'Íkẹjà. Àwọn tó kú lé ní 150. Ọ̀gá sójà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mejọ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ológun ní Jájì. Ọmọ wọn la jọ wà ní kíláàsì.

Nígbà tá a padà sí ilé-ìwé, báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa: wọn ò sọ ọ́. Sójà kan dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó mú bébà kan dání, ó pe orúkọ ọmọ kan. Ọmọ yẹn kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó tẹ̀ lé e. Tíṣà kọjú sí bóòdù, ó ń kọ nǹkan lọ. Ó tún ṣe díẹ̀, sójà yẹn tún dé, ó pe òmíràn. Ọmọkùnrin tá a jọ jókòó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ńṣì mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun. Gbogbo wa ti mọ̀ nígbà náà. Gbogbo wa ń fetí sí ẹsẹ̀ bàtà lójú ọ̀nà, à ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ tiwa. Wọn ò pe orúkọ rẹ̀, wọn ò pe tèmi náà. Ojú ń tì mí pé inú mi dùn, ọmọ ọdún mẹ́wàá péré sì ni mí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá ọmọ tó ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ ni mí báyìí. Títí dòní, bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tó sì pe orúkọ mi láti orí ìwé, àyà mi á kọ́kọ́ já.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ó máa ń wu àwọn èèyàn láti ka orúkọ àwọn ọmọ 60 yẹn síta níbi ìrántí. Ẹ má kà á fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ọmọ Gárkì kọ:

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín kẹ́dùn. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, ibi tí bàtà ti ta èmi yàtọ̀. Àìdárúkọ wọn ló pa wá lára.

JSS 2 ni mo wà nílé-ìwé mìíràn l'Ábújá lọ́dún 2005. A ti gba ọlidé nígbà tó ṣẹlẹ̀, lórí NTA la ti gbọ́. Nígbà tá a wọlé lóṣù Kìíní, pírínsípà ní ká dìde, ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. A dìde, a dákẹ́, a jókòó. Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ àwọn ọmọ yẹn o! A jọ gbé àdúgbò, a jọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a jọ ṣe ìdánwò àtiwọlé.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa ló gbà wá sílẹ̀. Kò ṣí ìwé lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó bá mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn kó sọ nǹkan kan tí ọmọ náà fẹ́ràn. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rí dìde, ó ní ọmọkùnrin ilé kejì wọn yá rúlà òun, rúlà aláwọ̀ ewé, orúkọ òun sì wà lára rẹ̀, kò tíì dá a padà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Bí ẹnu gbogbo wa ṣe là nìyẹn. Ọ̀kan sọ nípa bọ́ọ̀lù, ọ̀kan sọ nípa ẹni tó máa ń ta omi sí gbogbo èèyàn lára lọ́jọ́ ìwẹ̀. Wọ́n di èèyàn padà lójú wa.

Ẹ má ka 60, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ 60 bí ẹni ń ka iye nǹkan. Ìdílé kan wà tó pàdánù ọmọ mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan yẹn. Ẹ tún sọ fún wọn pé wọ́n ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Port Harcourt ní ìrántí àwọn ọmọ náà, Jesuit Memorial College, àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ń kàwé níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ Nyanya kọ:

Ìyá Ìbejì mà, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Àwa la jẹ ìyà ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe yẹn.

Bọ́ǹbù tó dún ní gáréèjì Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 70. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní ilé-ìwé Chibok. Nígbà tá a tún pàdé nílé-ìwé, tíṣà wa ní ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ bọ́ǹbù máa kúnlẹ̀. A ò dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ilé ìgbẹ́ la ti ń sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan ní inú báàgì ilé-ìwé ni wọ́n máa ń kó o sí, la bá ń yẹ báàgì ara wa wò, ẹni tí báàgì rẹ̀ bá wúwo, a ò ní jókòó tì í. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìjọba ní kí wọ́n ti àwọn ilé-ìwé l'Ábújá torí ìpàdé ọrọ̀-ajé àgbáyé tó fẹ́ wáyé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé torí ìpàdé ni. A gbà pé wọ́n ti ń bọ̀ wá kó àwa náà ni.

Ọmọ pírámárì 4 ni mí nígbà náà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mà. Ohun tí mi ò gbọ́ ni òótọ́ ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kúbwà kọ:

Ọmọ mi, mi ò bínú. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Mo ṣì dúró lórí ẹyọ kan: ọmọ mi ni, èmi ni kí n kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Kí tíṣà má kàn sọ ọ́ láàárọ̀, kí ọmọ wá bá mi nídìí ìsáàsùn lálẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè tí mi ò múra sílẹ̀ fún. Bí ilé-ìwé bá fi ìwé ránṣẹ́ sí wa ṣáájú, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ sọ pé òun ò fẹ́, mo lè gbà á.

Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà kọ:

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ gbẹ̀yìn yìí ni mo fara mọ́ jù. Ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ń rí àwọn ọmọ tí ìròyìn burúkú bá lójijì. Wọn kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Inú rírun ni wọ́n máa ń sọ, tàbí kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́.

Tíṣà, ẹ má ṣe é ní asẹ́ḿbìlì. Asẹ́ḿbìlì kó ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Inú kíláàsì yín ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kó jẹ́ láàárọ̀, kẹ́ ẹ lè wà pẹ̀lú wọn fún ìyókù ọjọ́ náà. Ẹ má gbé e sí ìparí ọjọ́ tí wọ́n ti ń wojú géètì. Kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti gbọ́. Ẹnu máa yà yín. Ẹ má fi àwòrán ọkọ̀ tó fọ́ hàn wọ́n, ẹ má sì ṣàpèjúwe bí àwọn ọmọ náà ṣe kú. Bí ọmọ kan bá bèèrè pé ṣé ó dùn wọ́n, ẹ lè sọ pé kò pẹ́ rárá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, pé àwọn dókítà sì sa gbogbo ipá wọn lórí àwọn tó kù.

Ẹni tó ń sunkún ò le bí ẹni tó dákẹ́ tó ń gé èékánná. Ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Pápákọ̀ kọ:

Nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ fo ohun kan. Wọ́n máa bèèrè pé kí ló fà á. Bí ẹ ò bá dáhùn, wọ́n á ní àjẹ́ ni tàbí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni mò ń ṣe, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà, ká tó sọ tọmọdé.

Ohun tí àwọn olùwádìí sọ rèé, ó ṣeé sọ fún ọmọ: òjò àti ìjì ń jà ní Port Harcourt. Òté kan wà lójú òfurufú tí awakọ̀ ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ kọjá tí kò bá tíì rí ojú ọ̀nà tó fẹ́ bà sí. Wọ́n rẹlẹ̀ kọjá ibẹ̀. Iná ojú ọ̀nà náà ò sì tàn. Nígbà tí wọ́n máa fi gbìyànjú láti gbéra padà, ó ti pẹ́ jù, ọkọ̀ balẹ̀ sórí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó kọlu gọ́tà oníkọnkéré.

Ẹ wá sọ ohun tó yí padà. Lọ́dún 2006 wọ́n ṣe òfin tuntun fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, èyí tó fún àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó o lágbára tiwọn. Nígbà tó fi di 2010, Amẹ́ríkà ti gbé wa sí ìpele kìíní, èyí tó dára jù, nínú ètò ààbò ọkọ̀ òfurufú. Mi ò ní parọ́ pé kò sí jàǹbá mọ́. Dana já l'Ékòó lọ́dún 2012, láti Ábújá níbí náà ló ti gbéra. Ẹ má ṣèlérí fún ọmọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ẹ sọ pé iṣẹ́ àwọn èèyàn kan ni láti máa rí sí i kó má ṣẹlẹ̀, lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà kọ:

Mo gbà, bí wọ́n bá bèèrè. Ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn, mi ò ní sọ ìyẹn.

Tíṣà Lugbe kọ:

Ẹ ṣeun gidi gan-an. Mo ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà pé kó má jẹ́ asẹ́ḿbìlì. Ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo máa bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n ti gbọ́, màá sọ ọ́ bí Bàbá Kàdúná ṣe ní kí n sọ ọ́, màá dárúkọ ilé-ìwé Port Harcourt yẹn àti Kechi. Mi ò ní ka orúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ ilé-ìwé Port Harcourt lè kọ ọ́.

Ìyàwó Sójà kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Ọkọ mi wà ní Maiduguri, sójà ni. Ọmọ wa wà ní pírámárì 5, kì í ṣe nílé-ìwé Tíṣà yìí, àmọ́ tiwọn náà ń ṣe irú ìrántí báyìí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ikú, ó máa ń sá wá sílé wá bèèrè fóònù kó pe bàbá rẹ̀. Ṣé kí n má jẹ́ kó lọ lọ́jọ́ náà?

Ọmọ Jájì kọ:

Àbúrò mi, jẹ́ kó lọ. Bó bá jókòó sílé, á mọ̀ pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún òun. Àmọ́ lọ bá tíṣà rẹ̀ fúnra rẹ, má fi ìwé ránṣẹ́. Sọ ibi tí bàbá rẹ̀ wà fún un. Sọ fún un pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pe ọmọ yẹn síta ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ torí owó ilé-ìwé. Kí ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó tó jáde nílé, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà.

Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà kọ:

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá gbà láàárọ̀, kí bàbá rẹ̀ ti gba ohùn sílẹ̀ fún un lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìyàwó Sójà kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Màá lọ rí tíṣà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.